Ẹrù Ju Ẹnu Ọ̀nà

Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú lóru, ní Ìdí-Àbà,
wọ́n jí mi lórí bẹ́ǹṣì tí mo sọ di ibùsùn:
"Ṣótúndé, àwòrán ò lọ o."

Kásálì bíríkìlà ló já láti orí àkàbà ní Àsẹ̀rò.
Egungun itan rẹ̀ wà lójú kọ̀ǹpútà, funfun báláú,
ó là bí igi tí àrá sán.
Dókítà tó mọ egungun tò wà ní Ìbàdàn,
ó jókòó ti ẹ̀rọ tirẹ̀, ó ń retí.
Nọ́ọ̀sì Fọláyẹmí tẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ kú àìsùn, sà."
Ó lọ. Èsì dé kí ojú tó ṣẹ́:
"Ẹ ṣeun. Àwòrán dà?"
Àwòrán dé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún,
ó wá dúró gbọnin
bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà kọjá omi.

Mo ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe ká tó ronú:
mo pa á, mo tàn án.
Mo fa wáyà yọ, mo fẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, mo tún tì í bọ ibẹ̀.
Iná kékeré aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú sí mi
bí ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.
Mo bi kọ̀ǹpútà: ṣé o so mọ́ Ìbàdàn?
Ó ní òun so mọ́ ọn.
Mo ju òkò kékeré kan sí ọ̀hún,
òkò lọ, òkò bọ̀, ìṣẹ́jú-àáyá kan ò pé.
Ta ló máa sọ pé ọ̀nà dí?

Mo wo àwọn ìsopọ̀ tó wà ní ṣíṣí.
Gbogbo wọn ń pe ara wọn ní alààyè.
Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ẹrù kún iwájú ilé rẹ̀,
kò sọ pé òun kú, kò sọ pé òun ń lọ,
ẹrù kan náà ló ń rán, tó tún ń rán,
ó ń dúró pẹ́ sí i kó tó tún kan ilẹ̀kùn:
ìṣẹ́jú-àáyá kan, méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ,
bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń bínú nínú ilé.

Kásálì kérora ní yàrá kejì.
Kò pariwo. Ó ti ń ṣọ́ ohùn ná.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Ìjẹmọ̀,
ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín àpáta àti ògiri Ìyá Ṣówùnmí.
Ènìyàn á fẹ̀gbẹ́ kọjá. Àgùntàn á kọjá.
Lọ́jọ́ tí bàbá mi ra kọ́bọ́ọ̀dù, ó há.
Ẹni tó wà lódìkejì rí i pé kò lè gbà á,
ẹ̀bà ló ń jẹ, kò sọ̀rọ̀,
àwa sì ń tì, a ń tì, títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo ju òkò ńlá: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Kò bọ̀.
Mo tún un jù. Kò bọ̀.
Mo yọ ọgọ́rùn-ún kan kúrò, ó ku egbèje.
Ó lọ. Ó bọ̀.

Ọgọ́rùn-ún péré!
Ẹnìkan láàárín àwa àti Ìbàdàn ti sún ògiri síwájú,
ó tún sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé kó panu mọ́.

Mo kọ ìlà kan ṣoṣo.
"Kí lo ṣe?" ni Nọ́ọ̀sì bi mí.
Mo ní mo dín ẹrù kù, n ò fọwọ́ kan ọ̀nà.
Ìdá mẹ́ta. Mọ́kàndínlógún. Ọgọ́ta ó lé.
Èmi àti ẹ̀ ò mí.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá:
"Mo ti rí i. Ẹ má jẹ́ kó mu omi.
Mo ń bọ̀ láàárọ̀."

Mo fi bírò kọ egbèje sára ògiri,
lókè ibi tí wáyà ti jáde,
fún ẹni tí wọ́n máa jí lóru ọjọ́ mìíràn.